Ọ̀nà mẹ́rin tí mo ń gbà kọ́ni ní fọ́tò yíyà, àti ìdí tí ọ̀kan ṣoṣo kò fi tó

Bí ẹ bá fi ọmọ kan sẹ́nu iṣẹ́ fọ́tò lónìí, kò ní lò tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Títẹ̀ kọ́ ló ṣòro. Ohun tó ṣòro ni kó wo ìyàwó tuntun tó dúró lábẹ́ kánópì, kó sì mọ̀, kó tó gbé kámẹ́rà sójú, pé oòrùn tó wà lẹ́yìn ìyàwó yìí máa sọ ojú rẹ̀ di dúdú birimù nínú fọ́tò. Ìyàwó yẹn ò ní tún ìgbéyàwó ṣe torí pé ayafọ́tò ṣì ń kọ́ṣẹ́. A kì í sin bàbá ẹni lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ àwọn ayafọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ẹni tó fi ìnáwó rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ ló máa san gbèsè ẹ̀kọ́ tí kò jinlẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́. Àwọn kan máa ń gbé kámẹ́rà ńlá wá, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé fóònù ọwọ́ wọn náà ni. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, oṣù mélòó ló máa gbà?" Lójú tèmi, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù ni pé, ọ̀nà wo la fẹ́ gbà kọ́ ọ? Torí pé èèyàn méjì lè lo oṣù mẹ́fà, kí ọ̀kan mọṣẹ́, kí èkejì kàn mọ bí wọ́n ṣe ń gbé iná àti tripod lọ sóde.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ń lò. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tí àwọn onímọ̀ ti rí nípa rẹ̀, àti ìgbà tó yẹ ká lò ó. Bó bá sì jẹ́ pé orí YouTube lẹ ti ń kọ́ fọ́tò, ẹ̀yin gan-an ni olùkọ́ ara yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín dáadáa.

Kí gan-an là ń kọ́?

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló para pọ̀ di photography: ìmọ́lẹ̀, àti kíkọ tàbí yíyà. Ìmọ́lẹ̀ ni iṣẹ́ wa. Ohun mẹ́ta ló sì ń pinnu bí fọ́tò ṣe máa mọ́lẹ̀ tó.

Ẹ fojú inú wo garawa tí a gbé sábẹ́ ẹ̀rọ omi. Àkọ́kọ́ ni bí ẹnu ẹ̀rọ náà ṣe fẹ̀ tó. Nínú kámẹ́rà, ihò inú lẹ́ńsì nìyẹn, òun ni wọ́n ń pè ní aperture. Èkejì ni bí omi náà ṣe ṣí sílẹ̀ pẹ́ tó. Nínú kámẹ́rà, ìyẹn ni shutter speed, àkókò tí ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà fi ṣí: 1/30, 1/125, 1/500 ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ISO, òun ò jọ omi. Rédíò ló jọ. Bí ilé iṣẹ́ rédíò kan bá jìnnà, tí ohùn rẹ̀ ò dún dáadáa, ẹ lè yí fólúùmù sókè. Ohùn á ròkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo "ṣììì" náà á bá a ròkè. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tí ẹ wá gbé ISO sókè, fọ́tò á mọ́lẹ̀, àmọ́ ẹ máa rí àwọn ẹ̀ka kéékèèké bí iyanrìn lójú rẹ̀.

Èyí tó máa ń rú àwọn èèyàn lójú jù ni nọ́ńbà aperture: 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Nọ́ńbà wo lèyí, tí èyí tó tóbi wá jẹ́ ihò tó kéré? Ìṣirò kékeré ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ mú focal length lẹ́ńsì, ẹ fi ìbú ihò pín in. Bí lẹ́ńsì bá jẹ́ 50mm, tí ìbú ihò jẹ́ 25mm, 50 pín sí 25 jẹ́ 2, ìyẹn ni f/2. Bí ihò bá jẹ́ 12.5mm, ó di f/4. Ṣé ẹ rí i? Ìbú ihò f/4 jẹ́ ìdajì ti f/2. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kì í gba orí ìbú nìkan wọlé, gbogbo ojú ihò náà ló ń gbà. Bí ìbú ihò róbótó bá di ìdajì, ojú rẹ̀ á di ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí 2.8 fi wà láàárín 2 àti 4: ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì.

Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ìdajì àti ìlọ́po méjì ni gbogbo ẹ̀, ó kù pàṣípààrọ̀. f/4 pẹ̀lú 1/125 àti f/2.8 pẹ̀lú 1/250 máa mọ́lẹ̀ bákan náà bí ISO ò bá yí padà: ihò fẹ̀ sí i ní ìlọ́po méjì, àkókò dín sí ìdajì. Àmọ́ fọ́tò méjèèjì ò ní jọra. Ihò tó fẹ̀ máa jẹ́ kí ẹ̀yìn èèyàn rí bàìbàì. Àkókò tó gùn máa jẹ́ kí ọmọ tó ń sáré rí wúruwùru.

Ohun mẹ́ta péré ni o. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ìyá ìyàwó tún máa pariwo pé, "Ẹ tètè, pásítọ̀ ń bọ̀!" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń kọ́ni ti wọlé.

Ọ̀nà kìíní: jókòó tì mí, máa wò

Ọ̀nà yìí la bá nílẹ̀. Èèyàn á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, á máa gbálẹ̀, á máa gbé iná, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá títí tó fi máa gba fírídọ́ọ̀mù. Àwọn kan máa ń fi ọ̀nà yìí ṣẹ̀sín pé ayé àtijọ́ ni. Èmi ò bá wọn ṣe é.

Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Jean Lave lọ sí Láìbéríà láti wo bí àwọn télọ̀ ẹ̀yà Vai àti Gola ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ohun tó rí níbẹ̀ wà lára ohun tí òun àti Etienne Wenger kọ sínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1991. Ọmọ iṣẹ́ ò kọ́kọ́ gé aṣọ. Ìparí iṣẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀: á rán bọ́tìnnì, á ṣẹ́ etí aṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í rán aṣọ pọ̀. Gígé ló máa ń gbẹ̀yìn. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: bí ọmọ bá rán bọ́tìnnì burú, wọ́n á tú u, wọ́n á tún un rán. Bó bá gé aṣọ burú, aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí àkókò gígé tó dé, ojú ọmọ yẹn á ti mọ bí aṣọ tó dáa ṣe ń rí.

J.D. 'Okhai Ojeikere, tí ayé mọ̀ nítorí fọ́tò irun dídì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní 1968, ra kámẹ́rà Brownie D ní 1950, ẹlòmíràn ló sì fi ìpìlẹ̀ iṣẹ́ hàn án. Ní 1954, ó rí iṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn ní Ìbàdàn. Kì í ṣe ayafọ́tò ni wọ́n fi ṣe níbẹ̀ o, inú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò ló ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìparí iṣẹ́ lòun náà wà yẹn.

Mo yá ọgbọ́n yìí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kì í ya fọ́tò kankan. Mo máa ń kó fọ́tò 40 láti òde kan fún wọn, mo á ní kí wọ́n yan 5 tí wọ́n máa fún oníbàárà, kí wọ́n sì gé etí ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ. Wọ́n máa ń jà lórí ẹ̀ gan-an. "Èyí dáa jù." "Rárá, ẹ wo ọwọ́ bàbá yẹn, ẹ ti gé e kúrò." Láàárín wákàtí méjì, wọ́n ti ń rí ohun tí ojú wọn ò rí tẹ́lẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé wíwò nìkan la fi ń kọ́ wọn. Ní 1978, Stephen Sprague kọ àpilẹ̀kọ kan nípa fọ́tò nílẹ̀ Yorùbá sínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ṣàlàyé fọ́tò àgbà bí a ṣe mọ̀ ọ́n: èèyàn á jókòó kọjú sí kámẹ́rà tààrà, ọwọ́ méjèèjì á wà lórí itan, ẹsẹ̀ á yà kí aṣọ lè tẹ́, ojú á dúró ṣinṣin. Kò sí ìwé tó ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún bàbá ẹni 80 ọdún pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, láìṣe bí ẹni tó ń pàṣẹ fún un. Ẹnu ọ̀gá lẹ máa ti gbọ́ ọ: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa gbójú sókè díẹ̀, kí fìlà yín lè hàn."

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ọ̀gá lè má ṣàlàyé ìdí ohunkóhun. Ọmọ iṣẹ́ á mọ̀ pé ọ̀gá òun ń lo 1/125 nínú gbọ̀ngàn kan báyìí. Bó bá wá dé gbọ̀ngàn tó ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ á kú.

Ọ̀nà kejì: ṣe é hàn mí, sọ ìdí ẹ̀ fún mi

Ọpọlọ wa ní ibì kan tó ń gbé ohun tí a ń rò lọ́wọ́lọ́wọ́ kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ kéré. Nínú iṣẹ́ tí Nelson Cowan gbé jáde ní 2001, ó ní nǹkan bí ohun mẹ́rin péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti mọṣẹ́ ò ní ìṣòro, torí pé aperture, shutter àti ISO ti di ohun kan ṣoṣo lọ́kàn rẹ̀. Ní ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún ibẹ̀, kò sáyè fún ojú ẹni tó ń yà mọ́.

John Sweller àti Graham Cooper fi ẹ̀kọ́ áljẹ́brà dán èyí wò, wọ́n sì gbé e jáde ní 1985. Wọ́n rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wo ìṣirò tí wọ́n ti ṣe délẹ̀ fún wọn tètè mọ̀ ọ́n ju àwọn tí wọ́n kàn kó ìṣirò fún pé kí wọ́n máa ṣe é fúnra wọn. Wíwo àpẹẹrẹ tó ti parí máa ń dín ẹrù orí kù.

Bí mo ṣe ń lò ó nìyí. Màá fi fọ́tò mẹ́rin hàn wọ́n, ọmọ kan náà tó ń fo okùn ló wà nínú gbogbo wọn: 1/30, 1/125, 1/500, 1/1000. Ihò lẹ́ńsì ò yí padà, mo sì jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ bójú tó ISO. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò, ìyẹn àkókò. Ní 1/30, okùn ò hàn mọ́, ẹsẹ̀ ọmọ rí bí èéfín. Ní 1/1000, ẹ lè ka ìdì irun orí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, màá fún wọn ní èyí tí mo ṣe dé ìdajì: "f/8, 1/125, ISO 400. A fẹ́ lo 1/500, ihò ò gbọdọ̀ yí padà. ISO mélòó?" Wọ́n á kà á: 1/125 sí 1/250, ìgbésẹ̀ kan, 1/250 sí 1/500, ìgbésẹ̀ kejì. ISO náà á gun ìgbésẹ̀ méjì, 400 sí 800, 800 sí 1600. Ó parí. Èyí tó tẹ̀ lé e, mi ò ní ṣe ìdajì fún wọn mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé àlàyé tó ń ran ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ lè di ìdíwọ́ fún ẹni tó ti mọ nǹkan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, tí ẹ ṣì ń ṣàlàyé, ẹ̀ ń dà á láàmú ni.

Ọ̀nà kẹta: lọ wá a rí fúnra rẹ

Mo máa ń ní kí wọ́n bo gbogbo fèrèsé yàrá kan pẹ̀lú páálí àti náílọ̀n dúdú ní ọ̀sán gangan, kí wọ́n dá ihò kan sára páálí náà, ihò tó tó bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Kí a tó ti ilẹ̀kùn, màá bi wọ́n pé, "Kí lẹ rò pé ẹ máa rí lára ògiri?" Ọ̀pọ̀ máa ń ní ìmọ́lẹ̀ róbótó kan ni. A á ti ilẹ̀kùn. Bí ojú bá ti mọ́ òkùnkùn lára, wọ́n á rí àdúgbò lára ògiri: òrùlé nísàlẹ̀, ilẹ̀ lókè, ọkadà ń lọ ní ìdorí kodò. Ariwo máa ń sọ!

Ìgbà yẹn la óò wá bèèrè ìdí. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn tààrà ni. Èyí tó ti òrùlé wá gba inú ihò lọ sí ìsàlẹ̀ ògiri, èyí tó ti ilẹ̀ wá gba inú ihò lọ sókè. Ibn al-Haytham, ọ̀mọ̀wé tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí 965, tó ṣiṣẹ́ ní Cairo, kọ nípa èyí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ó to fìtílà bíi mélòó kan síwájú ihò kan. Fìtílà tó bá fi nǹkan bò, ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ nìkan ló ń pòórá lára ògiri inú, ti àwọn yòókù ò yẹ̀. Gbogbo wọn gba inú ihò kan náà kọjá láìdàrú mọ́ra wọn. Kámẹ́rà ọwọ́ yín, yàrá yẹn náà ni, ó kàn kéré ni.

Ìdánwò kejì ló ṣe pàtàkì jù fún àwa tí à ń ya èèyàn dúdú. Mo ní kí wọ́n fi kámẹ́rà sí auto, kí wọ́n ya aṣọ funfun kan, kí aṣọ náà kún gbogbo ojú fọ́tò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ya aṣọ dúdú bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wò ó, ẹnu á yà wọ́n: funfun ti di àwọ̀ eérú, dúdú náà ti di àwọ̀ eérú!

Èrèdí? Ìmọ́lẹ̀ tó ta padà lára nǹkan ni ẹ̀rọ inú kámẹ́rà ń wọ̀n. Kò mọ̀ bóyá aṣọ ló funfun ni àbí oòrùn ló mú. Wọ́n ti ṣe é kó gbà pé, bí a bá pa gbogbo ohun tó wà nínú fọ́tò pọ̀, àwọ̀ eérú ló yẹ kó jẹ́. Ẹ wá ronú nípa ìyàwó tí aṣọ funfun rẹ̀ kún fọ́tò. Kámẹ́rà á ní, "Ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù," á dín in kù, ojú ìyàwó á dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ojú èèyàn dúdú ló kún fọ́tò, kámẹ́rà á ní, "Ìmọ́lẹ̀ kéré," á fi kún un, ẹni yẹn á wá pọ́n ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ. Àṣìṣe méjèèjì, ẹ̀rọ kan náà. Lára kámẹ́rà, ẹ wá bọ́tìnnì tó ní àmì + àti −. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ tẹ ojú ẹni náà, kí ẹ sì fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Bí aṣọ funfun bá pọ̀, ẹ lọ sí apá +, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ ọnà ara leèsì pòórá. Èyí tó tún dáa ju ìyẹn ni kí ẹ mú ìyàwó lọ sábẹ́ ibòji tó kọjú sí ibi tó mọ́lẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rọra bà lé ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Láti àwọn ọdún 1950, káàdì tí Kodak ń fi ránṣẹ́ sáwọn ilé ìfọfọ́tò, kí wọ́n lè fi wo bóyá àwọ̀ ara ṣe déédéé, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pè é ni Shirley card. Ó di àárín àwọn ọdún 1990 kí Kodak tó gbé káàdì tó ní obìnrin dúdú nínú jáde. Nítorí náà, bí fọ́tò yín ò bá fi àwọ̀ ara yín hàn bó ṣe rí, ẹ má kọ́kọ́ bú ojú yín. Ẹ bi ẹ̀rọ náà ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Ṣé kí a kàn máa fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n wá gbogbo nǹkan rí fúnra wọn? Rárá o. Nínú ìwádìí tí Manu Kapur gbé jáde ní 2008, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ bá ìṣòro tó le wọ̀yá ìjà láìsí olùrànlọ́wọ́ ò rí i ṣe dáadáa lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní apá kejì, Paul Kirschner, Sweller àti Richard Clark kọ ọ́ ní 2006 pé kí a máa fi ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan sílẹ̀ láìtọ́ ọ sọ́nà kì í so èso rere. Bí mo ṣe pa ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fojú ara wọn rí i, kí àlàyé sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Bí àlàyé ò bá tẹ̀ lé e, idán lásán ni.

Ọ̀nà kẹrin: pò ó pọ̀, dán ara rẹ wò

Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló máa ń ya ọ̀sẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún fọ́tò èèyàn, ọ̀sẹ̀ kan fún oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ kan fún ohun tó ń sáré. Ó tò dáadáa lójú. Nate Kornell àti Robert Bjork ṣe ìwádìí kan lórí irú ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí, tí wọ́n gbé jáde ní 2008. Wọ́n fi àwòrán tí ayàwòrán 12 kùn han àwọn èèyàn, kí wọ́n lè mọ ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n to ti àwọn ayàwòrán kan tẹ̀ léra, wọ́n sì po ti àwọn yòókù pọ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n wá gbé àwòrán tuntun jáde pé, "Ta ló kun èyí?", èyí tí wọ́n kọ́ ní àpòpọ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń sọ pé títò tẹ̀ léra ló ran àwọn lọ́wọ́ jù! Ohun tó rọrùn lójú kọ́ ló máa ń wọlé jù.

Nítorí náà, mo ní àpò kan tí mo kó bébà kéékèèké sí. Akẹ́kọ̀ọ́ á fa ọ̀kan: "Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, aago méjì ọ̀sán." Òmíràn: "Ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà, oòrùn ti ń wọ̀." Òmíràn: "Àwo àmàlà àti ewédú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé." Kó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ aperture, shutter àti ISO tó fẹ́ lò, kó sì sọ ìdí. Lẹ́yìn náà ló máa yà á, kó wá fi ohun tó sọ wé ohun tó rí.

Sísọ ọ́ látorí kí a tó wò ó ṣe pàtàkì. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi èyí hàn ní 2006. Nígbà tí wọ́n dán àwọn èèyàn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 péré, àwọn tó ka ìwé lẹ́ẹ̀kejì ló ta yọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn tó pa ìwé dé tí wọ́n gbìyànjú láti rántí ohun tó wà níbẹ̀ ló rántí jù. Wíwo fídíò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta máa ń jọ ìmọ̀. Ẹ pa fídíò náà, kí ẹ sọ ohun tó wí, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ bóyá ẹ ti gbọ́ ọ.

"Èmi, ojú ni mo fi ń mọ nǹkan"

Kò sí kíláàsì kan tí mi ò ti gbọ́ èyí. "Èmi, bí mo bá rí i ni mo máa mọ̀ ọ́n." "Èmi, àfi kí n gbọ́ ọ." Ní 2008, Harold Pashler àti àwọn mẹ́ta míì yẹ ìwádìí wò lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní kò sí ẹ̀rí tó tó láti fi ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí oní-ojú àti oní-etí, kí a sì máa kọ́ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tó wu èèyàn wà o, ìyẹn ò ṣe é jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń kọ́ ló yẹ kó yan ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó ń kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó lè fi etí kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ṣe ń bà lé gèlè. Kò sì sẹ́ni tó máa fi ojú lásán wo f/2 àti f/4 kó mọ̀ pé ìlọ́po mẹ́rin ló wà láàárín wọn.

Ẹnu olùkọ́

Ó ku ohun kan tó lè ba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́: bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí iṣẹ́ ọmọ. Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 1996 nípa ohun tí ọ̀rọ̀ àríwísí àti ìyìn ń ṣe. Lápapọ̀, ó ń ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nínú ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta, ńṣe ló mú iṣẹ́ burú sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe kúrò lórí iṣẹ́ tó bọ́ sórí èèyàn fúnra rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ ń dín kù tó.

"Olódo ni ẹ́" ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. "Bàbá ni ẹ́, o mọ̀ ọ́n!" náà ò sọ ohun tó máa tún ṣe lọ́la. Èyí tó wúlò ni: "Ojú ìyá yìí ṣókùnkùn torí pé ògiri funfun ló kún ẹ̀yìn wọn. Padà lọ, gbé e sí + kan, kí o wò ó." Iṣẹ́ ló wà lórí tábìlì, kì í ṣe ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ máa béèrè pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé níbi iṣẹ́ míì, bí ọmọ bá ní, "Ọ̀gá, kí ló dé tẹ́ ẹ fi lo 1/200?", wọ́n á ní ó ti ń gbójú gbóyà. Abèèrè kì í ṣìnà. Ọmọ tó bẹ̀rù ìbéèrè lónìí ló máa dúró níwájú ìnáwó olówó iyebíye lọ́la, tí ò ní rẹ́ni bi.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí

Ẹ ò nílò kámẹ́rà tuntun. Ẹ ṣí fóònù yín, ẹ yan fọ́tò 40, ẹ dín wọn kù sí 5, kí ẹ kọ ìdí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ya aṣọ funfun àti aṣọ dúdú bí mo ṣe sọ, kí ẹ rí àwọ̀ eérú yẹn fúnra yín. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ pe ẹnì kan nínú ilé, ẹ yà á níbi mẹ́ta: lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, lábẹ́ gílóòbù, àti níta lábẹ́ igi. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ọ́ jáde pé báyìí ni ojú rẹ̀ máa rí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ nǹkan kan. Bí ò bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí ẹ̀kọ́ yín ti máa tẹ̀ síwájú nìyẹn, ẹ sì mọ̀ ọ́n kí ẹnikẹ́ni tó san owó fún yín.